Lẹ́tà Tí Ẹ̀rọ Ẹyin Kọ Sí Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà ń dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń yọ mí lẹ́nu bí mo bá gun àkàbà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó o ṣe fún wa, tó ń bá ìyá rẹ sàba lórí ẹyin, ni mo fẹ́ sọ. O ní àràárọ̀ ni yóò máa fi í-meèlì ròyìn ara rẹ̀ fún wa, lóòótọ́ ló sì ń kọ ọ́, ohun tí kò jókòó ní kíláàsì rí! Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì rí wúruwùru, òpó nọ́ńbà mẹ́ta rẹ̀, ti aago, ti ooru àti ti ọ̀rinrin, wọnú ara wọn bí èrò tó ń sá fún òjò. Ìyá rẹ rí ọgọ́ta lábẹ́ ooru, ló bá figbe ta pé ọ̀ọ́dúnrún ẹyin òun ti ń jinná, ó di ilẹ̀kùn ẹ̀rọ mú, ó fẹ́ ṣí i. Bẹ́ẹ̀ o ti kìlọ̀ pé bó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọ adìẹ jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, kí òtútù má pa àwọn ọmọ inú ẹyin. Mo ní sùúrù ni baba ìwà, ó ní sùúrù kì í sọ ẹyin tó ti jinná di ọmọ adìẹ.

Ọmọ mi, bíríkìlà ni mí, mo mọ ògiri tó wọ́. Mo wo lẹ́tà yẹn títí, mo rí i pé bíríkì rẹ̀, ìyẹn ẹyọ àbídí àti nọ́ńbà inú rẹ̀, ni kò dọ́gba: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, èkejì sanra bí àbúrò ìyá rẹ (má sọ fún un o), àlàfo àárín wọn sì fún. Mo wá mú ìwé ìṣirò rẹ àtijọ́, èyí tó ní yàrá kéékèèké, mo dà á kọ, ẹyọ àbídí kan yàrá kan, àlàfo náà gba yàrá tirẹ̀. Yéè! Gbogbo rẹ̀ tò gbọọrọ. Ọgọ́ta bọ́ sábẹ́ ọ̀rinrin, ooru sì jẹ́ mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀, bó o ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ yẹn kò ṣì wí rárá, ojú fóònù wa ló ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká. Jọ̀ọ́, bá a ṣe é kó máa fi àbídí tí ìbú wọn dọ́gba kọ̀wé sí wa.

Ìyá rẹ kò gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó tú ọwọ́ lára ilẹ̀kùn, ó sì ti jókòó tì í láti ọjọ́ náà.

Fi owó oúnjẹ ọmọ adìẹ ránṣẹ́, àti ti dátà, kí ẹ̀rọ má baà yadi. Ibi tó o bá dáwọ́ lé, yóò tọ́. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò tọ́jú rẹ.

Dúró ná, ìyá rẹ ń pè mí. Ẹnu ṣóńṣó kan ti yọ lára ẹyin, a rí i láti ojú gíláàsì. Ìyá rẹ ń sunkún, ó ní kí n má mí sókè.

A kò ṣílẹ̀kùn o.

Èmi ni, baba rẹ.