Ọ̀rọ̀ Èmi àti Hàfísátù

Nọ́fíù àbúrò mi,

Àlàáfíà ni mo wà ní ilé ìwòsàn ní Ljubljana níbí. Má fi ìkọ̀wé mi ṣe ẹlẹ́yà, ọwọ́ òsì ni. Ọ̀tún ń sinmi. Oúnjẹ wọn dára, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ mi bí ọba.

Wọ́n ń tún òfin àkọtọ́ èdè Slofénìà ṣe. Hàfísátù ọmọ mi gbé e wá síbi ibùsùn mi pé kí n wo àṣìṣe ibẹ̀. Èmi tí mo lo ọjọ́ ayé mi nídìí ìwé atúmọ̀ èdè wọn, mo kàn ń wò ó ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé mi ṣubú, èdè wọn ti fi mí sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì bá a lọ. Yorùbá nìkan ló kù sí mi lẹ́nu, Hàfísátù kò sì gbọ́ ọ. Èmi ni mo kọ̀, tí n kò kọ́ ọ ní èdè wa.

O sọ ọ́ nígbà tí mo mú un wá sí Ìfọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún odidi orílẹ̀-èdè, ẹ ò fún ọmọ yín ní ẹyọ kan!" Mo bínú sí ọ. Òótọ́ lo sọ.

Hàfísátù yóò pè ọ́ ní Sátidé. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún un. Ẹ̀gbẹ́ mi ni yóò jókòó sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ ní Mówè kọjá. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó foríjì mí.

Kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Bí o bá gbọ́ ẹkún mi, má túmọ̀ ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Yaqub