Kọ́kọ́rọ́ Láńdírófà Emrys

Oko Hafod Wen,
Lẹ́bàá Bala,
Wales.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2023.

Eirlys, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń gbà á láyè láti gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Cardiff kò tó tiwa, síbẹ̀ ẹ kú òtútù. Èmi náà wà, ara kò ro mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Eirlys, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O rántí Láńdírófà tí Emrys rà lọ́dún tó gbé mi níyàwó. Láti ìgbà tó ti kú, òun ni mo fi ń gbé koríko lọ fún àwọn àgùntàn. Bí yìnyín bá ti bolẹ̀, kò sí ohun mìíràn nílé mi tó lè gun òkè yẹn. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, mo pàdánù oko nìyẹn. Àwọn olè sì ti dé àgbègbè wa, irú ọkọ̀ àtijọ́ báyìí gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Mẹ́ta ni wọ́n gbé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì gbé alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin Idwal, ọkọ Nesta, aládùúgbò mi, mọ́ ọn.

Ní ọjà àgùntàn, ọ̀rọ̀ olè nìkan ni gbogbo wa ń sọ. Gwilym, àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa, tú sítíárìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé e há abíyá wọ ilé oúnjẹ, ó sì fi í jókòó sórí àga bí àlejò. Ẹ̀rín ń pa mí lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Tegwen, ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tó mọ ọ̀nà ibí ló ń júwe fún wọn." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí okùn búlúù kan lára géètì mi. Okùn tèmi, aláwọ̀ ọsàn ni gbogbo rẹ̀. Mo ní àmì olè ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ rótọ̀ inú ẹ́ńjìnnì, nǹkan kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ọkọ̀ kò lè dáná láìsí i. Àpò épírọ́ọ̀nù mi ló ń gbé. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún Idwal. O mọ bí a ti ń ṣe é: láti ayé Emrys ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wa ti wà lọ́wọ́ Idwal, tiwọn náà sì wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá nílò ọkọ̀ á gbé e, á wá sọ ọ́ nígbà tó bá dá a padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yìnyín bo ilẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń da oúnjẹ fún adìyẹ, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń tan ọkọ̀, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, tí kò gbà. Mo fa fọ́ọ̀kì koríko yọ, mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Mot, ajá mi, ń jùrù lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí n rò ó.

"Bọ́ sílẹ̀, àbí kí n gún ẹ."

"Ìyàwó Emrys, èmi ni. Idwal ni. Nesta ṣubú ní pápá òkè, kò lè dìde. Kí ló ṣe ọkọ̀ yìí? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tàn án."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Bí mo ṣe ń fà á yọ, rótọ̀ bọ́ sínú yìnyín. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀, a ń fi ọwọ́ lásán wá a. Idwal wo mí, ó wo fọ́ọ̀kì, ó tún ń wá a lọ. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí a tó rí i. Nígbà tí a máa fi dé ọ̀dọ̀ Nesta, ètè rẹ̀ ti dúdú, kò lè pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó wà ní ọsibítù báyìí. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán, ṣùgbọ́n òtútù tó wọ̀ ọ́ láyà ló ń kọ dókítà lóminú. Wọn ò tíì lè sọ bóyá yóò yè é.

Lánàá, Idwal wá. Mo ní kó jókòó kí n po tíì, kò jókòó. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sórí tábìlì.

"Emrys ló fún mi, ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbà á. Tí wọ́n bá wá gbé ọkọ̀ yẹn lọ́la, kò ní jẹ́ ojú tèmi lo máa kọ́kọ́ wò."

"Idwal, n ò rò ó sí ẹ."

"Mo rí ojú ẹ, Tegwen."

Kò pè mí ní ìyàwó Emrys. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìkọ́ géètì ẹ ti já o. Mo fi okùn búlúù so ó lọ́jọ́sí, kí àwọn àgùntàn má bàa jáde sí títì. Kò ní pẹ́ já. Wá ẹni bá ẹ tún un ṣe."

Ọkọ̀ náà wà ní àgbàlá, ẹnikẹ́ni ò jí i. Nesta lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí báyìí. Bí ó bá kú, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Jọ̀ọ́, wá lọ́jọ́ Sátidé, kí o bá mi dé ọsibítù. Ìwọ lo dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìwọ ni kí o ṣíwájú, n kò lè dá wọlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì, níbi tí Idwal fi í sí. Orí itan ni mo ti ń jẹun láti àná, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wo ọ̀nà rẹ,
Tegwen