Ibi Tí Bàbá Ń Sùn

                                        Yàrá Ìwádìí Ọkàn,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì,
                                        Ọsibítù Ìjọba.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìwé kíkà ńkọ́? Baba ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń dáná fún ọ báyìí tí ìdánwò ti dé, àbí omi gbígbóná nìkan ni wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n sè? Oníbèéèrè ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé olùkọ́ rẹ̀ ti ń fara pamọ́ fún un. Má bá a wí, ọ̀dọ̀ rẹ ló ti mú un. Èmi náà wà, ilé wà, ọkọ mi ń kí ọ, orúnkún ìyá mi ṣì ń dùn wọ́n bó ṣe máa ń dùn wọ́n.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O ti pè mí títí, mi ò gbé fóònù. Tó o bá ka lẹ́tà yìí dé ìdí, wàá mọ ohun tó fà á. Mo sì yàn láti kọ ọ́ torí pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá máa sun, o ò ní gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Jókòó kó o tó máa kà á lọ. Bàbá rẹ wà láàyè, kí àyà rẹ má já.

O rántí pé wọ́n ti gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù, pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni mo wà báyìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, bíi ti Bàbá lọ́dún tó kọjá, tá a tọ́jú rẹ̀ tó sì padà sílé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà? Ta ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́? Ta ni ọkàn rẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò lè fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, tí omi wá ń dúró sí i lẹ́sẹ̀ àti láyà? Ta ló ń kú, kí la bá sì ti ṣe? Ohun tí à ń wá nìyẹn. Àwa nọ́ọ̀sì mẹ́ta la jókòó sínú yàrá kan tó há bí àpótí, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, à ń pe àwọn èèyàn náà nílé lóṣooṣù.

Inú Dókítà àgbà tó ni iṣẹ́ náà ń dùn ṣìnkìn. Èèyàn gíga kan ni, ó máa ń gbé gíláàsì ojú rẹ̀ lé orí, á tún máa wá a kiri. Kò sẹ́ni tá a pè tí kò sọ pé ara òun le. Ó ti ń múra láti lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn aláìsàn wa ń ṣe dáadáa ju ti ibi gbogbo lọ. Ohun kan ló kàn ń dà á láàmú. Àwọn tó sọ fún wa lọ́jọ́ Ajé pé nǹkan kan ò ṣe àwọn, àwọn kan náà ni wọ́n ń gbé wá lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ oògùn ni ò dáa. Wọ́n yẹ oògùn wò, oògùn ò ní àbùkù.

Bàbá rẹ ló tú àṣírí náà, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn tú u. Èmi ni mò ń pè wọ́n. Lóṣù tó kọjá mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n béèrè orúnkún ìyá mi. Mo ní ṣé ara le? Wọ́n ní ara le koko, àná gan-an ni àwọn fá ilẹ̀kùn méjì. Mo ní ṣé èémí ò há wọn? Wọ́n ní rárá. Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé kò wú? Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń dán. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn tí mo fi gbọ́ ohùn Màmá rẹ látẹ̀yìn: "Bi wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn! Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bi wọ́n! Ẹni tí ò fẹ̀yìn kan ibùsùn láti ìgbà yí wá!" Kíá, fóònù kú.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Nínú ìsọ̀ káfíńtà wọn ni mo bá wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ní àwọn fá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì fi tìmùtìmù sí ibi orí. Àga náà rẹwà, o mọ̀ pé Bàbá ò lè kan ohun tó burẹ́wà. Wọ́n ní oníbàárà kan ló ni ín. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí. "Oníbàárà wo? Ṣebí orí ẹ̀ lẹ ń sùn! Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ ó máa wá èémí bí ẹni tó já sódò."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ wọn. Sílípáàsì Màmá ni wọ́n wọ̀, bàtà tiwọn ò gba ẹsẹ̀ mọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, mo mú ọwọ́ kúrò, ibi tí mo tẹ̀ sì jìn síbẹ̀, kò padà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àìmọye ẹsẹ̀ ni mo ti tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò tẹ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Lọ́jọ́ yẹn mo tún ti Bàbá tẹ̀. Ẹsẹ̀ tó sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ èmi pẹ̀lú rẹ bí a ṣe ń gùn ún ni ẹsẹ̀ yẹn.

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi lórí fóònù. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n tó. Wọ́n ní, "O ti kí mi, mo ti ní a dúpẹ́. Ṣé kí n tún wá máa ka àìsàn sí ọ létí ni? Àgbàlagbà kì í fẹnu ara ẹ̀ pe àrùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ bá Dókítà. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Gbogbo wa la jọ ṣe àṣìṣe náà, ọ̀rẹ́ mi. Kí á tó béèrè ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ kí èèyàn dáadáa bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ẹni tó bá sì ti dúpẹ́ tán, ojú wo ló máa fi sọ fún ọ pé òun ò lè mí? Ilé kan náà la ti kọ́ gbogbo wa, Dókítà pàápàá, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn sí ẹnì kankan nínú wa. Ní báyìí, a ṣì ń kí wọn, àmọ́ a ò béèrè ara mọ́. A ó ní: Níbo lẹ sùn lánàá? Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi sábẹ́ orí? Bàtà wo lẹ wọ̀ lónìí? Onígbàjámọ̀ kan fìbínú dá mi lóhùn pé kí ló kàn mí níbi tí òun sùn, ṣé ìyàwó òun ló rán mi ni! Ṣùgbọ́n wọ́n ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ ni a ti tètè pè padà kí omi tó mù wọ́n láyà.

Kì í ṣe gbogbo wọn. Aránṣọ kan wà tó máa ń ṣàdúrà fún mi débi pé màá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìdí tí mo fi pè é. Nígbà tí mo fi ìbéèrè tuntun pè é, ọmọ rẹ̀ ló gbé e, ó ní wọ́n ti sin ín. Mo sunkún nínú yàrá kékeré yẹn, mi ò tijú ẹnikẹ́ni.

A gba Bàbá sí wọ́ọ̀dù. Oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀ ti fa omi náà wálẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti ń padà sí bó ṣe wà, wọ́n sì ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń mì, ta ni káfíńtà tó kàn án. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́. Dókítà jókòó tì wọ́n, ó sì sọ ọ́ gbangba: ọkàn wọn ti rẹ̀, kò ní padà sí ti tẹ́lẹ̀. Oògùn á ràn án lọ́wọ́, iyọ̀ gbọ́dọ̀ dín kù, iṣẹ́ agbára ti tán. Ó lè pẹ́, ó lè má pẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Bí Dókítà ṣe jáde báyìí, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ ni pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó o gbọ́, pé o ti sún mọ́ ìdánwò àṣekágbá, pé àwọn ò ní jẹ́ ẹni tó fà ọ́ sẹ́yìn. Òfin iṣẹ́ wa sì ni pé aláìsàn ló ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí kò bá yọ̀ǹda, mi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù rẹ nìyẹn. Tó o bá bi mí léèrè Bàbá, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Níjọ́ kan mo bi wọ́n pé, bó bá jẹ́ ìwọ lò ń ṣàìsàn, tó o sì fi pamọ́ fún wọn ńkọ́? Wọ́n gbórí sókè lórí ìrọ̀rí. "Màá bá a jà! Màá bá a jà gidigidi ni!" Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri. Àánú wọn ṣe mí, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sinmi.

Bá mi kí baba ọmọ. Gbá oníbèéèrè mọ́ra fún mi, tó bá bi ọ́ ní ìbéèrè nípa lẹ́tà yìí, dá a lóhùn. Màmá ń kí ọ, wọ́n ní kó o má fi ìrònú gbàgbé oúnjẹ. Àwọn náà ń gbìyànjú, àmọ́ wọ́n ti rù. Awakọ̀ ọsibítù tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè tètè dé ọwọ́ rẹ.

Mo fi ọ̀rọ̀ Bàbá ṣe ìkẹyìn torí pé tiwọn ni, kì í ṣe tèmi. Láàárọ̀ yìí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n mú bírò dání. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: "Sọ fún ọmọ mi pé ara mi ò yá, mo sì fẹ́ rí i. Sọ fún un pé wọ́n á tún ṣe ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá màá wà."

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ lójò lẹ́ẹ̀rùn,

Aláròyé.