Eré Ogun Tí Kì Í Dúró Deni

Fọláránmi ọmọ mi,

Ṣé ara ìyàwó wa le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò mú àwọn ọmọ jù? Ìyá rẹ ń kí yín. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, iṣu sì ti wọ́n gógó ní Ìkàrẹ́.

Eré ogun orí kọ̀ǹpútà tuntun tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ó sì ti rọ́pò èyí tí àwa arúgbó máa ń pé jọ ṣe nílé mi. Àwòrán rẹ̀ dára ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá Àyàndélé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, dìde dúró, ó ní, "Ìlọsíwájú rèé, ẹ̀yin ará!" Kó tó jókòó, ọ̀tá ti jó ìlú rẹ̀ nínú eré náà.

Ti Sàídì, ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀kà, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá, eré àtijọ́ nìkan ló ń mú un jáde nílé, torí eré náà máa ń dúró títí èèyàn yóò fi ronú tán kí ọ̀tá tó mira. Tuntun yìí kì í dúró. Sàídì gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wí fún mi pé, "Tíṣà, èyí náà ti sáré fi mí sílẹ̀." Kò wá mọ́.

Jọ̀wọ́, bá wa wá ti àtijọ́ padà. Ọlọ́run yóò fún ọ lẹ́ni tí yóò dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni, bàbá rẹ.