Gègé Tí Kò Nílò Títẹ̀

                                                  Ilé Kejìlá, Yàrá Òkè,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Báǹkì.
                                                  Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta.

Ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yẹn tó máa ń fi ẹ̀yìn rìn káàkiri ilé? Iṣẹ́ ńkọ́? Orí tó máa ń fọ́ ọ tí òjò bá ṣú ńkọ́? Ní tèmi, orúnkún mi ṣì ń bá mi jà lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń borí. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ó ṣì ń tan rédíò sùn, tí mo bá sì pa á, á ní òun ń gbọ́ ọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. O ní kí n bá ọ wá gègé oníyíǹkì kan tí kò wọ́n, tó ṣeé fi kọ̀wé lójoojúmọ́, torí pé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà wọ́n kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. O ní kó fúyẹ́, kó sanra díẹ̀ níbi tí ìka ti ń gbá a mú, kó sì jẹ́ irú èyí tí kò nílò títẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo tún un kà, mo wá gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tó ní òun kò ní pẹ́ lọ.

O kúkú mọ̀ mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí báǹkì, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa fi ìbuwọ́lùwé orí ṣẹ́ẹ̀kì wé èyí tí oníbàárà fún wa lọ́jọ́ tó ṣí àkáǹtì. Ìyá Afura ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ìfura loògùn àgbà. Nítorí náà, kí n tó wọ bàtà lọ sí ìsọ̀ onígègé rárá, ìwọ gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ìwọ yìí kan náà kọ́ lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, pé mò ń fi ìka dúdú jẹun torí yíǹkì? Báírò ni tìrẹ láti kékeré, o sì máa ń tẹ̀ ẹ́ débi pé afọ́jú lè fi ọwọ́ ka lẹ́tà rẹ láti ẹ̀yìn ìwé. O wá ní rìsíìtì àwọn tó ń gbé aago wá fún àtúnṣe lo fẹ́ máa fi gègé náà kọ. Rìsíìtì wo? Ṣé ìwé tí mo rí lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ nígbà tí mo wá kí yín kẹ́yìn, tó ní kábọ́ọ̀nù láàárín, tí o máa ń ya ti òkè fún oníbàárà, tí ti ìsàlẹ̀ á kù sọ́wọ́ rẹ? Gègé oníyíǹkì kì í kọ dé abẹ́ kábọ́ọ̀nù, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi là sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún mi, kó kọ́kọ́ wá bi mí bí wọ́n ṣe ń pa á.

Síbẹ̀, mo lọ. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ kóòtù nínú ooru ló ni ìsọ̀ náà. Ọ̀kan aláwọ̀ wúrà ló kọ́kọ́ nà sí mi, ó ní irú rẹ̀ ni ọba ń lò. Mo bi í pé ọba wo, ó ní ọba ni ṣá. Ó wúwo, nígbà tí mo sì fi ìdérí bọ̀ ọ́ nídìí, ńṣe ló ń fà sẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Mo fi èékánná ha á díẹ̀, wúrà bọ́, ike funfun yọ. Ọkùnrin náà ní òun kò mọ̀. Mo ní èmi náà kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ha á.

Èkejì fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó ń ha ìwé bí adìẹ tó ń wá ọkà. Mo mú ìwé tèmi lọ láti ilé, irú ìwé pọ́ọ́kú tí gbogbo wa ń lò. Ìwé tí wọ́n fi ń dán gègé wò ní ìsọ̀ ń yọ̀ bí àwo, kò sí gègé tí kò ní ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn tó bá di pé ìwọ fúnra rẹ ń ra òmíràn.

Ẹ̀kẹta ló wù mí, àmọ́ mi ò jẹ́ kí ojú mi sọ ọ́. Ike lásán ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti omi tí wọ́n fi fọ aṣọ. Ẹnu rẹ̀ kò tín-ín-rín, kò sì fẹ̀ jù. Ibi tí ìka ti ń dì í mú sanra, ó ní igun mẹ́ta, ìka mẹ́ta á sì jókòó síbẹ̀ láìjà. Mo ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì, mo wá ń wá ìnujú nínú báàgì mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìnujú tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tún gbé gègé náà, ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, yíǹkì kò gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo dé e, mo fi ìnujú wé e, mo gbọ̀n ọ́n, kò jò. Ọlọ́jà bi mí pé ṣé gègé ni màmá fẹ́ rà ni àbí ọkọ ni màmá fẹ́ fẹ́. Mo ní ká ní mo yẹ ọkọ mi wò báyìí ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ó ń hanrun. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dín owó rẹ̀ kù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún fura sí ìyẹn náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdérí. Oríṣi méjì ló wà, èyí tí wọ́n ń yí àti èyí tí wọ́n kàn ń fà yọ. Mo pe fóònù rẹ kí n lè bi ọ́, ìyàwó wa ló gbé e. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí o. Èyí tí wọ́n ń fà yọ ni kẹ́ ẹ rà." Ó wá dákẹ́ lójijì. Mo ní kí ló dé? Ó ní kò sí nǹkan, ìkòkò òun ló ń jóná. Ìkòkò wo ló ń jóná láàárín ìró mọ́tò? Ojú ọ̀nà ló wà. Ṣùgbọ́n mi ò bá a fà á, mo kí i, mo sanwó gègé náà, mo rìn wálé. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó: ẹni tó ń ṣí ìdí aago ọwọ́ obìnrin, tí kò tóbi ju èékánná lọ, ni kò lè yí ìdérí gègé mọ́?

Mo délé, mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo tò wọ́n sórí ibùsùn bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Kí n má parọ́ fún ọ, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹlòmíràn ló kọ èyí tó dé kẹ́yìn. O máa ń kọ ojú ìwé mẹ́rin, èyí kò pé ọ̀kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ bí o ṣe máa ń kọ̀wé, ó wá ń kéré sí i bó ṣe ń lọ, nígbà tó fi máa dé etí ìwé, ó ti dà bí ẹsẹ̀ èèrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ àwọn ti àtẹ̀yìnwá wò, mo rí i pé kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kéré bọ̀. Olè kì í kọ̀wé báyẹn. Olè a máa kọ ọ́ dáadáa jù ni.

Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ń kéré lórí ṣẹ́ẹ̀kì, mo sì gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jí i kọ. Mo ní kó wá fúnra rẹ̀. Mo mú kó buwọ́ lùwé níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹrin, tí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pòṣé. Ní ìgbà karùn-ún, ó gbé báírò sílẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin, èmi náà ni. Ọwọ́ ló ń ṣe mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi." Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi.

Mo wá rántí pé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tí mo lò lọ́dọ̀ yín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ kì í kúrò nínú àpò. Mo rò pé fáàrí ni. Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn, mo sunkún. Ọkọ mi wọlé, mo ní eruku ló kó sí mi lójú. Ṣé o rí i, èmi náà mọ̀ ọ́n pa.

Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Mo mọ ohun tí o ń rò: ọwọ́ yẹn ni oúnjẹ rẹ, tí ẹnikẹ́ni bá sì gbọ́ pé ó ń gbọ̀n, wọn á kó aago wọn gba ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe oníbàárà. Èmi kì í ṣe dókítà pẹ̀lú, mi ò ní fún nǹkan tí mi ò mọ̀ lórúkọ. Ó lè jẹ́ ohun tí oògùn máa kápá. Jẹ́ ká jọ lọ bá dókítà. Sọ ọjọ́ fún mi, màá wọ ọkọ̀, orúnkún ì báà máa dùn mí. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mi ò fẹ́ bi ọ́ lórí fóònù, torí wàá ní àlàáfíà ni, ohùn rẹ kò sì ní gbọ̀n.

Gègé náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo fi ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi wé e. Ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ ni. Òun ni mo fi kọ gbogbo èyí, kò sì dá mi dúró níbì kankan. Ike yíǹkì kéékèèké mẹ́fà wà pẹ̀lú rẹ̀. Títì ni wọ́n ń tì í wọlé, ìyàwó wa lè bá ọ ṣe é. Má bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ ìdérí. Òun kọ́ ló tú àṣírí rẹ, èmi ni mo gbọ́ ohun tí kò sọ. Bá mi kí i, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ẹlẹ́yìn-rìn yẹn pé kó máa wo iwájú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́. Fi gègé yìí kọ èsì sí mi. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ ọ́, má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Má ṣe kọ àlàáfíà tí kì í bá ṣe àlàáfíà. Tó bá sì ń kéré lọ bí o ṣe ń kọ ọ́, má dúró, má fà á ya, jẹ́ kó kéré. Mo ní awò ojú.

Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Afura.