Ìbínú Tó Sọ̀kalẹ̀ Sínú Itan Mi

Abúlé Baishuiwan,
Ó ku ọjọ́ méjìlá kí Qingming pé.

Suyun, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé òrùlé ìyàrá tí o ń gbé kò jò mọ́? Èmi náà wà, mò ń jẹun, mò ń sùn, àwọn adìẹ ń yé, àfi èyí aláwọ̀ eérú tó ti pinnu pé òun ò ní yé mọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un. Kí ọ̀run máa ṣọ́ ọ ní Guangzhou yẹn, kí ọ̀gá rẹ má rí ọ fín, kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí o máa ń wọ̀ máa rí ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo ará ilé ní kí n kí ọ. Mo ní gbogbo ará ilé, èmi nìkan náà ni, pẹ̀lú àwọn adìẹ.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí mo rà fún un wà lórí tábìlì. Fóònù náà wà, kò ṣe nǹkan kan, àràárọ̀ ni mò ń nù ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, bí mo bá sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan péré ló máa ń fún mi, á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Mo bi ìyàwó ọmọ Pang aládùúgbò wa bóyá a lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìṣẹ́jú méjì kún tèmi, ó ní bákan náà ni wọ́n ṣe é fún gbogbo èèyàn, kì í ṣe èmi ni wọ́n dájú sọ. Kò burú. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè wọ inú ìṣẹ́jú kan ni mo ṣe wá bébà.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé orúnkún ni, irọ́ ni mo pa, kì í ṣe orúnkún. Inú itan ọ̀tún ni, láti òkè orúnkún lápá inú, ó gba ibẹ̀ lọ títí dé ibi tí itan gbé pàdé ara, ibi tí bàbá kì í dárúkọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ńṣe ló máa ń fà mí bí ẹni pé wọ́n so okùn mọ́ ọn. Bí mo bá lóṣòó láti dáná, àfi kí n di ògiri mú kí n tó lè dìde. Ọjọ́ kẹta Ọdún Tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Ǹ bá tún fi í pa mọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ibojì ìyá rẹ wà lórí òkè, o sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, àtẹ̀gùn olókùúta igba ó lé mẹ́rìndínlógún ni, èmi ò sì lè gun ju ogún lọ mọ́. Bí Qingming, ọjọ́ ìtọ́jú ibojì, bá dé tí ẹnikẹ́ni ò ro koríko ibẹ̀, tí a kò rí bébà funfun kankan lórí rẹ̀, àwọn èèyàn á gbójú sókè láti inú oko wọn, wọ́n á ní ilé Kuang ti parẹ́. Ìyá rẹ kò ṣe ohun tí ó fi yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Pang ní ìpá ni. Ó ń sọ ọ́ kiri abúlé bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìkéde fún. Nítorí ẹnu rẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nílùú. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀ pé kí n mú nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá, kí n fi sọ bí ìrora náà ṣe tó. Ní òdodo, ọmọ mi, nǹkan bíi mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ mẹ́rin, nọ́ńbà tó ń pe ikú, nínú ilé ìwòsàn? Mo wo méje, kò wù mí. Mo kọ mẹ́jọ, torí mẹ́jọ ló ń mú ire wá, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà kí ire náà lè tó. N kò tíì fìdí kan bẹ́ǹṣì tí nọ́ọ̀sì méjì fi ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé, wọ́n gbé mi sí i, wọ́n sáré tì mí kọjá lójú gbogbo àwọn tó ti tò láti àárọ̀. Mo ń mi orí sí wọn bí mo ṣe ń kọjá. Ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní ń sọ pé nọ́ńbà kì í ṣe nǹkan, ẹ lọ gbìyànjú mẹ́jọ wò. Dókítà tẹ abẹ́ ikùn mi, ó ní kí n wúkọ́, mo wúkọ́, ó ní kì í ṣe ìpá, kò sì sí ohun tó ṣe egungun mi. Inú mi dùn pé ẹnu Pang kò ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìrora kò lọ, ló bá di pé kí n wá Dókítà Shen. Kì í ṣe Shen àgbà tó fún ìyá rẹ lóògùn nígbà tí ó lóyún rẹ, ìyẹn ti sùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, òun ló jókòó sórí àga bàbá àgbà báyìí. Ojú tì mí láti lọ máa ṣàlàyé irú ibi bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin, mo bá ní kí ìyàwó ọmọ Pang bá mi pè é lórí fóònù olójú. Dókítà ní òun fẹ́ rí ahọ́n mi, mo yọ ọ́ sí fóònù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dáa. Mo mọ ohun tó kàn, torí tí wọ́n bá ti wo ahọ́n tán, ẹ̀jẹ̀ tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ ni wọ́n máa ń kà. Mo fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú fóònù kí ìka dókítà má baà tutù, mo gbé ọrùn ọwọ́ mi lé e, mo dijú, mi ò mí. Mo ń gbọ́ ọ tó ń pè mí pé Bàbá Kuang, ibi gbogbo ti ṣókùnkùn lọ́dọ̀ òun, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kó fara balẹ̀ kà á dáadáa, pé tó bá ti tán kó sọ fún mi kí n gbé ọwọ́ òsì lé e. Ó wá ní kí n jọ̀ọ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Mo lọ. Nígbà tó ní kí n fi ibi tó ń dùn mí han òun, mo fi hàn án lára ọkùnrin inú àwòrán tó wà lára ògiri rẹ̀, èyí tí wọ́n ya ìlà sí lára láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ mi, mo fi ìka tọ ibi tó ń dùn mí lórí àwòrán, ìka mi kò yẹ̀ kúrò lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó ní ọ̀nà ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú ojúgun, ó gba inú itan, ó yí ibi tí a kì í dárúkọ ká, kó tó gòkè lọ bá ẹ̀dọ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀ ni ilé ìbínú, pé ẹni tó bá gbé ìbínú mì tó tún lọ jókòó sínú òtútù, ìbínú náà á dì, á dúró sójú ọ̀nà bíi kẹ̀kẹ́ ẹrù tó bà jẹ́ lórí afárá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi le gbandi bí okùn ọrun. Lẹ́yìn náà, ó gún mi lábẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹsẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ojú ló ń ti òun náà, mo bá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ibẹ̀ wà lókè díẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó finá sí ewé gbígbẹ tí wọ́n ká bíi sìgá ńlá, ó gbé ooru rẹ̀ sún mọ́ itan mi láìjẹ́ kó kàn mí, ó sì di oògùn àsè fún mi, kóró ọsàn, kóró èso dídùn tí wọ́n ń pè ní líṣì àti èso kan tó ń ta sánsán.

Mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí ti kóró líṣì yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Guangzhou ń jẹ líṣì lẹ́ẹ̀rùn, ẹ ń ju kóró rẹ̀ dà nù, ẹ̀ ń ju itan àwọn bàbá yín dà nù. Máa ṣà á jọ fún mi, kí o sọ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n máa tu tiwọn fún ọ.

Kó tó jẹ́ kí n máa lọ, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹta ọdún. Mo ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá. Ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ á ṣe tirẹ̀, oògùn á ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí n lọ gbé ìbínú náà jáde fún ẹni tó ni ín.

Mo ro ó títí mo fi délé. Pang ni mo mú pé ó ni ìbínú náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìwé oògùn dání, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé kó má bínú o, dókítà ló ní kí n wá bá a jà. Pang ní kò burú, kí n dúró kí òun wọ bàtà. Nígbà tó jáde, mo sọ fún un pé láti ọdún tó kọjá ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ti ń jẹ ewébẹ̀ mi, pé ìrìn wọn gan-an jọ tirẹ̀. Ó ní èmi tí mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ló tún ń sọ̀rọ̀ ìrìn ẹlòmíì. Mo ní ẹnu rẹ̀ kò mọ ju ìpá lọ. Ó ní ayò tí mo ti na òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò òun, òun mọ̀ pé mo jókòó lé ọmọ ayò òun tí à ń pè ní ẹṣin. Òótọ́ ni, mo jókòó lé e, ó sì gún mi nídìí ní gbogbo ìgbà tí a fi ta ayò náà. Àwọn èèyàn pé jọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá kí ohùn wa má baà há, ó há kóró òdòdó sunfáwà fún àwọn tó ń wòran. Ó pẹ́ tí mo ti gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a parí, mo gun àtẹ̀gùn ogójì láìdúró, mo fi ayọ̀ padà tọ Dókítà Shen lọ. Ó ka ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi, ó ní okùn ọrun náà ṣì wà níbẹ̀, pé Pang kọ́ ló ni ìbínú yẹn.

Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Suyun, ìwọ ni mo ń bínú sí. O ní ò ń bọ̀ wá ṣọdún. Mo ti fi èéfín yan ẹran sílẹ̀ láti oṣù tó ṣáájú, mo ra ẹja olórí ńlá torí orí ni o fẹ́ràn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sá aṣọ ìbora rẹ sóòrùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la, o pè pé wọ́n ní kí o dúró síbi iṣẹ́. Mo ní kò sí nǹkan, iṣẹ́ ló ṣe pàtàkì. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà wa, tó tutù bí yìnyín, mo jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ológbò Pang ló jẹ orí ẹja. Ọdún kẹta nìyẹn tí o ò wá. Inú bí mi, ó dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ kí o mọ̀. Bí mo bá rí ojú rẹ lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ máa ń yọ́, mi ò ní lè sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Mo dá kálámù dúró níbí láti lọ wo ìkòkò oògùn. Mo lóṣòó, mo kó igi sí i, mo dìde, ìgbà tí mo dìde tán ni mo tó rántí pé mi ò di ògiri mú. Ó lè jẹ́ kóró líṣì. Mi ò ní parọ́ fún ọ, tí mo bá rìn jìnnà ó ṣì ń fà mí.

Nísinsìnyí ó kan tìrẹ. Lóṣù tó kọjá o sọ fún mi pé ìbàdí ń dùn ọ, pé àga ibi iṣẹ́ rẹ ni kò dáa. Ẹ̀gbẹ́ wo ni? Ṣé kò gba inú itan? Mo bi ọ́ torí mo rántí ọdún tí o yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ tó wà nílùú, tí mo ní kò sówó, tí mo sì lọ ra ẹfọ̀n ìtúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. O ní kò sí nǹkan, Bàbá, ẹfọ̀n ló ṣe pàtàkì. O rẹ́rìn-ín, o mú dòjé, o lọ gé koríko fún un. Ọdún méjì péré ni ẹfọ̀n náà lò kó tó kú. Ọmọ mi, mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ni o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì, ó sì dùn mí ju ti ẹsẹ̀ lọ.

Ní ti owó, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ewé tí Dókítà Shen ń sun, má fi púpọ̀ ránṣẹ́. Ìyókù, fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí o bá lè dé kí Qingming tó pé, a ó jọ gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, a ó máa jókòó sinmi níbi tí o bá fẹ́. Bí wọn ò bá fún ọ láàyè, Pang ti ní òun á bá mi gòkè lọ, òun á bá wa gbé bébà funfun sórí ibojì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé yóò rojọ́ ẹṣin ayò yẹn fún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n bí o wá, bí o ò wá, kọ ti ẹfọ̀n náà sí mi. Má lo fóònù, ìṣẹ́jú kan kò ní tó. Kọ ọ́ kó gùn, má fi bò, bú mi bó ṣe wù ọ́, ara mi á gbà á.

Kí ìyá rẹ máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí o jẹun kánú. Kí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ rẹ là gbọọrọ láti àtàǹpàkò dé òkè, kí nǹkan kan má dì sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kuang Shouben, tó ra ẹfọ̀n.