Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọn Ò Tíì Yẹ̀ Wò

Mọ́ńdè, 8 Máàṣì 1993. Ẹ̀gbẹ́dá.
Alágídí tún ti bẹ̀rẹ̀. Simeon ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — inú ìwé yìí nìkan. Àwa méjèèjì là ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan ní Ìgándò. Nọ́ọ̀sì á béèrè ọ̀rọ̀, ètò wa á tú u sí ìṣirò lórí táàbù, ìyẹn àtẹ tí a to àkọsílẹ̀ sí: yan èyí, so tibí mọ́ tọ̀hún, yọ ìyẹn kúrò. Kọ̀ǹpútà á wá mú ìdáhùn jáde.

Ìbéèrè tòní: ìgò ẹ̀jẹ̀ wo ni kò lárùn? Alágídí ní ká mú gbogbo ìgò, ká yọ àwọn tí àyẹ̀wò bá àrùn nínú wọn kúrò. Ó tán. Mo ní, èyí tí wọn ò tíì yẹ̀ wò rárá ńkọ́? Àárín àwọn tó mọ́ náà ló máa kù sí! Ká so táàbù ìgò mọ́ táàbù àyẹ̀wò, ká yan kìkì èyí tí àyẹ̀wò ní ó mọ́.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín níwájú ọ̀gá. "Táyéwò, ohun tí wọ́n béèrè ni mo tú. Àbí ìwọ ni dókítà wọn ni?"

Túsìdè, 9 Máàṣì.
Alhaji Ràímì, ọ̀gá wa, fara mọ́ ti Alágídí. Wọ́n ní ó yá ju tèmi lọ. Ó yá lóòótọ́. Ìjàǹbá náà máa ń yá.

Wẹ́sìdè.
Mi ò kí i. Kò kí mi.

Fúráìdè, 12 Máàṣì.
Wọ́n ti gbé ètò Alágídí lọ sí Ìgándò. Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n lọ kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n ní bí mo bá ba àwọn lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, kí n má padà wá. Alágídí ń súfèé nídìí tábìlì rẹ̀. Súfèé! Ó wù mí kí ètò yẹn dójú tì í lójú gbogbo ayé.

Túsìdè, 16 Máàṣì.
Wọ́n wá pe Alágídí láàárọ̀. Lucy ìyàwó rẹ̀ ti bímọ — ní Ìgándò ọ̀hún — ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ó sáré jáde.

Mo jókòó. Mo jókòó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wá fò sórí ọ̀kadà.

Nọ́ọ̀sì Sàúdátù ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Mo ní, "Sister, ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ ìgò tí ẹ fẹ́ fà sí Lucy lára wò?" Ó ní kọ̀ǹpútà ní kò lárùn. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀: àrùn kún inú rẹ̀. Wọ́n wá òmíràn.

Lucy yè. Ọmọ yè. Alágídí dúró sí kọ́ridọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. "Inú ẹ dùn báyìí, àbí?"

Mo ní inú mi dùn pé ìyàwó rẹ̀ yè. Òun gan-an, mi ò fẹ́ rí i sójú.

Wẹ́sìdè, 17 Máàṣì.
Ọ̀gá ti lé mi. Wọ́n ní àwọn ti tún ti Ìgándò ṣe, kí n yé pariwo. Mo ní ètò kan náà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà fún ilé ìwòsàn kan ní Ìpájà ńkọ́? Wọ́n ní àwọn yẹn ò tíì ráhùn.

Mò ń wọ bàtà. Ó di Ìpájà.